Fídíò Ọjà Wa: Ẹni Tó Ń Wò Ó Kò Lè Fọwọ́ Kan Aṣọ

 

Àwọn tó wà ní ìpàdé oṣù tó kọjá kò ní í gbàgbé ọ̀rọ̀ tó gba àkókò wa jù lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ló dìde. Ó ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi ra aṣọ, ó fi fóònù rẹ̀ ya fídíò àwọn aṣọ náà, ó sì gbé e sórí WhatsApp. Oníbàárà kan ní Ìlọrin rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ra ìdì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà fún aṣọ ẹbí. Nígbà tí ẹrù dé ọwọ́ rẹ̀, ó pe ìyá wa lórí fóònù, ó ní: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, aṣọ tí mo rí kọ́ nìyí. Èyí tí mo rí nínú fóònù ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, òun la sì mú gèlè àti fìlà bá lọ. Búlúù pátápátá lẹ fi ránṣẹ́ sí wa."

Aṣọ padà wá, owó padà lọ. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ìyá wa ló san méjèèjì. Owó ẹ̀yáwó sì ń bẹ nílẹ̀, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wo ojú rẹ̀, òun náà ń wo ilẹ̀.

A bi ara wa léèrè títí, ta ló jẹ̀bi? Ìyá wa kò parọ́, oníbàárà náà kò parọ́. Àṣé tàpólì tó wà lórí ìsọ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí á kọ nǹkan nípa fídíò sínú ìwé ìròyìn oṣù yìí. Àwa tí à ń kọ ọ́ kì í ṣe ayàwòrán o. Fídíò tí àwa fúnra wa yà níbi ìpàdé ọdọọdún, fáànù òkè àjà ló hàn jù nínú rẹ̀, ohùn alága kò sì jáde rárá. Ohun tí a rí kọ́ látinú àṣìṣe tiwa àti ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ la fẹ́ sọ.

Àwọn kan dìde nípàdé, wọ́n ní kí á kúkú fi fídíò sílẹ̀, kí oníbàárà máa bọ̀ lọ́jà bí ayé àtijọ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà pe àwọn ará Ìtòkú, fídíò ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè kí wọ́n tó béèrè iye. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ẹni tó bá dé ìsọ̀ yóò fọwọ́ pa aṣọ, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, yóò nà án wò, yóò tilẹ̀ gbé e sí imú bóyá aró ẹlú ni lóòótọ́. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ojú àti etí nìkan ló ní. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ìbá bá a mọ̀, fídíò wa ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un. Bí fídíò kò bá sọ ọ́, oníbàárà á fi ọkàn ara rẹ̀ dí i, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí á mú ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìyá wa ti yọ̀. Tàpólì aláwọ̀ ewé ló ta sórí ìsọ̀ rẹ̀. Oòrùn tó bá gba inú tàpólì kọjá, àwọ̀ tàpólì ló ń gbé wá sórí ọjà. Ojú ènìyàn a máa tètè mọ́ ọn lára, ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé àwọ̀ yí padà. Fóònù kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó bá rí ló ń gbé. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n náà a máa sọ aṣọ funfun di bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á.

Bí a ti ń ṣe é báyìí ni pé a ó gbé aṣọ jáde kúrò lábẹ́ tàpólì, lọ sí ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láàárín agogo mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, tàbí nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀ nírọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára, ibi kan á funfun báláú, ibi kan á ṣú. Ẹni tó ń yà á ni kó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà funfun kan lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ kí ó hàn nínú fídíò. Ọgbọ́n kékeré yìí ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí a máa sọ lónìí. Bí bébà bá funfun nínú fídíò, a lè gba àwọ̀ aṣọ gbọ́. Bó bá di àwọ̀ ewé tàbí ó pọ́n, ẹ má fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ tún un yà. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá tẹ ìka mọ́ ojú aṣọ lójú fóònù, tí ẹ kò sì tètè gbé e kúrò, fóònù á di ìmọ́lẹ̀ náà mú, kò ní í máa ṣú kó tún máa mọ́ bí ẹ ti ń gbé e rìn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ nu ojú kámẹ́rà. Ẹ̀yin elépo, ẹ̀yin là ń bá wí o. Kí ẹ sì pa ohun tí wọ́n fi ń dán ojú nínú fóònù, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní filter. Ìyàwó lè kun àtíkè lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò burú, ṣùgbọ́n aṣọ tí à ń tà kò gbọ́dọ̀ kun ún.

Ó yá, kí ni ká fi hàn? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjà fúnra rẹ̀. A mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ láì kí ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni fídíò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni wọ́n fi kí bàbá, kí ìyá, kí àwọn tó wà ní òkè òkun, kí wọ́n tó kan aṣọ. Ẹni tó ń wò ó ti ká a kọjá nígbà náà. Ẹ fi aṣọ hàn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ máa kí wọn bí aṣọ ti ń hàn lọ. Fídíò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí YouTube, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2005, ìṣẹ́jú àáyá 19 péré ni. Jawed Karim, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ló dúró níwájú àwọn erin ní ọgbà ẹranko ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, ó sọ ohun tó rí lára erin, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí àtíkè. Ojú ayé ṣì ń wò ó di òní.

Lẹ́yìn ojú aṣọ, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa aládìrẹ jù. Gbogbo wa la mọ ohun tí aṣọ àtẹ̀ láti òkè òkun ti ṣe fún ọjà wa, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí ojú aṣọ, tí wọ́n sì ń tà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Aṣọ tí a rì sínú ìkòkò aró, aró a máa wọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣì ni. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí ẹ bá fi yí ẹ̀yìn aṣọ hàn sàn ju kí ẹ pariwo "ojúlówó ni o, ojúlówó ni o" nígbà ogún lọ. Ẹni tó bá ní àǹfààní rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ aládìrẹ hàn bó ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, tàbí bí wọ́n ti ń tú ìko kúrò lára àdìrẹ oníko. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè ní irú fídíò bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa béèrè ìbéèrè kan tí kò jẹ́ ká sùn dáadáa. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá fi ọnà tuntun tí mo dá hàn gbogbo ayé, ta ló máa dá àwọn tó ń tẹ aṣọ dúró tí wọn ò fi ní í tẹ tèmi náà?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. A kò lè sọ pé ẹnì kan wà tó lè dá wọn dúró. Ohun tí a lè sọ ni pé ẹni tó fẹ́ jí ọnà, àwòrán aṣọ tí a tẹ́ gbalaja, tí gbogbo igun rẹ̀ hàn kedere, ló ń wá. Nítorí náà, ọnà àtijọ́ tí gbogbo wa ń ṣe, ẹ tẹ́ ẹ bí ó ti wù yín. Ọnà tuntun, ẹ ró o mọ́ ènìyàn nídìí tàbí kí ẹ fi kọ́ èjìká, kí ó máa ṣẹ́ kọ́rọ́. Oníbàárà á rí ẹwà rẹ̀, olè kò ní í rí i tẹ̀ dáadáa.

Ẹ na téèpù lé aṣọ lórí, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́: yáàdì mélòó ni, owú ni àbí ohun mìíràn, ṣé aró rẹ̀ ń ṣí díẹ̀ ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Bí àléébù bá wà lára rẹ̀, ẹ fi ìka tọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa ń ta bàtà òkìrìkà, ó máa ń kọ́kọ́ fi ibi tó gé lára bàtà hàn kó tó fi ibi tó dára hàn. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Títí di àkókò tí à ń kọ èyí, a kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan dá bàtà padà fún un.

Ọ̀rọ̀ iye ńkọ́? Àwọn kan kì í dá iye, wọ́n á ní kí oníbàárà wá bá àwọn ní kọ̀rọ̀. A mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é: owó ọjà ń yí padà, aládùúgbò ń gbọ́. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé kí ẹ dá iye, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ tí ẹ ya fídíò mọ́ ọn, nítorí fídíò kì í kú. Ẹnì kan lè rí ti èṣí lónìí, kó sì máa fi iye èṣí bá yín jà. Ẹ sọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Ká ní ìyá wa ti sọ èyí nínú fídíò rẹ̀ ni, bóyá ìdajì àdánù rẹ̀ ni ìbá jẹ́.

Ohùn wá kù. Ènìyàn á fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, á lọ ni. Ọjà ni a wà, a kò lè ní kí ẹlẹ́rọ ata pa ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí tiwa. Ẹ sún mọ́ fóònù, kó má ju apá kan lọ sí ẹnu yín. Ẹ wá àkókò tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, òun náà ni agogo mẹ́jọ àárọ̀ tí a ti sọ. Okùn etí tó ní ẹ̀rọ ohùn lára dára púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ọmọ ilé bá lè bá yín di fóònù mú kí ọwọ́ yín méjèèjì lè gbé aṣọ, ó tún dára sí i. Bí kò bá sí ẹnìkankan, ẹ gbé fóònù ti àpótí, kó dúró gbọnin.

Orin ni ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò fẹ́ gbọ́ rẹ̀. Orin olórin kì í ṣe tiwa. Láti ọdún 2007 ni YouTube ti ní ẹ̀rọ kan tó ń dá orin mọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá gbọ́ orin onírẹ́kọ́ọ̀dù nínú fídíò yín, wọ́n lè dí i pa, tàbí kí owó tó bá ti ibẹ̀ wá máa lọ sápò ẹni tó ni orin. Kódà bó jẹ́ pé ìsọ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ yín ló ń kọ ọ́, ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ẹ jẹ́ kí ohùn yín tó.

Nípa dátà, ẹ fetí sílẹ̀, nítorí èrè ọjà ló ń gbà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó kún owó ìpè àti dátà, tí kò gbọ́dọ̀ ju 50 nínú 100 lọ. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí a yà ní 1080p lè gba 60MB, ó sì lè ju 100MB lọ nínú fóònù mìíràn. Èyí tí a yà ní 4K lè ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Kí là ń fi 4K ṣe fún aṣọ tí wọ́n á wò lójú fóònù tó tó àtẹ́lẹwọ́? Ẹ lọ sínú ètò kámẹ́rà yín, ẹ yí i sí 720p, ó tó. WhatsApp fúnra rẹ̀ a máa fún fídíò pọ̀ kó tó gbé e lọ, àwọ̀ a sì máa dín díẹ̀. Oníbàárà tó bá fẹ́ wò ó kínníkínní, ẹ fi ránṣẹ́ sí i bí ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní document, kò ní í fún un, ṣùgbọ́n á jẹ dátà yín àti tirẹ̀, ẹ bi í kọ́kọ́. Ohun tí ẹ bá gbé sórí Status ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Nítorí náà, ẹ tọ́jú fídíò àkọ́kọ́ tí ẹ yà, ẹ má pa á rẹ́. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí WhatsApp tàbí TikTok, ẹ gbé fóònù dúró lóòró. Ti YouTube tó gùn, ẹ dá a dùbúlẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ta ló ń kọjá lọ? Ọmọ ta nìyẹn? Ṣé àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ yín lówó kò sí lórí tábìlì? Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, ojú ènìyàn sì wà lára ohun tí òfin náà kà sí. Yàtọ̀ sí òfin, oníbàárà tó wá ra aṣọ òkú lè má fẹ́ kí ayé rí òun. Ẹ tọrọ àyè. Bí ó bá ní rárá, ẹ yí fóònù.

Èyí tó kù ni ti olè. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan ti Ìbàdàn wá, ó wọ ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ó ní òun wá gba aṣọ tí òun ti sanwó rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kò mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin náà mú fóònù jáde: fídíò ìsọ̀ yẹn gan-an ni, ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ń yí aṣọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Jàǹdùkú kan ti gé orúkọ ìsọ̀ kúrò ní etí fídíò, ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i, ó sì ti gba owó. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ọlọ́pàá fún ọmọ ẹgbẹ́ wa. Fídíò àkọ́kọ́ tó ṣì wà nínú fóònù rẹ̀, tí ọjọ́ àti wákàtí hàn lára rẹ̀, ló gbà á sílẹ̀. Owó ọkùnrin náà ti lọ, a bá a kẹ́dùn, a fún un ní omi mu, ó wọkọ̀ padà.

Láti ọjọ́ náà la ti ń sọ fún gbogbo yín pé kí ẹ fi ẹnu yín dárúkọ ara yín, ìsọ̀ yín àti nọ́ńbà yín láàárín fídíò, bí aṣọ ti wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí a kọ sí etí fídíò rọrùn láti gé, ohùn tó wọ inú ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí páálí, kí ẹ gbé e sí àárín aṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ẹ má fi ti àlááàtì tó wọlé sórí fóònù ṣe, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè bóyá wọ́n lè rí owó gbà lọ́wọ́ YouTube fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pín owó ìpolówó fún ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000, kí àwọn ènìyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo àwọn kéékèèké rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ọjọ́ 90. Ẹnì kan ti kọ̀wé pé kí ẹgbẹ́ yá òun lówó ra kámẹ́rà àti iná ńlá nítorí èyí. Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí i, àwa náà kò bá wọn jiyàn. Ìbòji ògiri kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìyá wa, ó ti tún fídíò àwọn aṣọ náà yà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri, pẹ̀lú bébà funfun. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n ti rà wọ́n rí, wọ́n sì dá wọn padà nítorí àwọ̀, pé búlúù ni wọ́n, búlúù náà ni wọ́n á sì máa jẹ́. Ó ti ta mẹ́rin nínú mẹ́fà, iye rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Méjì ṣì wà nílẹ̀. Ó ti san nínú ẹ̀yáwó rẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò sì gbọ́ ẹjọ́ ìyókù ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé yẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ mú fóònù rẹ̀ àti ọjà kan ṣoṣo wá ní wákàtí kan ṣáájú ìpàdé. Ẹ rí i pé iná wà nínú fóònù o. A ó pèsè bébà.